Ohun Tí Wọ́n Sé Mọ́ Inú Ògiri

Ilé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn kọ́ nílùú òyìnbó kò ní ilẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni mo wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbòòrò ju ọjà ìlú wa lọ, òrùlé kan ṣoṣo ló sì bo gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ilé lórí irin. Ilé gidi ni o. Ó ní fèrèsé, ó ní ilé ìwẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti kun yàrá rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí ìpìlẹ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, ilé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí irin, bí aboyún, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa fi ilẹ̀kùn sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ń gbé eléyìí lọ?" ni mo bi ọkùnrin tó mú mi wọlé.

Ó gbé èjìká. "Ibi tí ọkọ̀ bá gbé e lọ."

Ìdáhùn yẹn kò dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fura sí gbogbo ohun tó wà nínú ilé iṣẹ́ náà.

Bíríkìlà ni mí, bíríkìlà ni bàbá tó bí mi. Ní Àrámọ̀kọ níbi tí wọ́n ti bí mi, tí a bá fẹ́ kọ́lé, ilẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Bàámi á rìn ín yí ká, á fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á wá bi àwọn àgbà àdúgbò bóyá omi máa ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà òjò. Ó ti kọ́lé púpọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, ó sì máa ń sọ pé ní ìlú olókè bẹ́ẹ̀, òkè ló ń sọ ibi tí ilé máa jókòó sí, kì í ṣe ẹni tó ni owó. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó gbẹ́lẹ̀. A ó da ìpìlẹ̀, a ó to búlọ́ọ̀kù, a ó fi sílẹ̀ kó gbẹ. Òjò á pa á, oòrùn á pa á. Ẹni tó ń lọ sóko kòkó á kí wa kú iṣẹ́, á dúró, á fi ojú kan wò ó, á ní, "Bíríkìlà, ògiri yín yẹn ò ha wọ́ báyìí?" Kí ilé kan tó parí, gbogbo àdúgbò á ti dá sí i. Bí a bá sì ń lọ ní títì, èmi àti Bàámi, ó máa ń fi ọwọ́ hàn mí: eléyìí, èmi ni mo kọ́ ọ, tọ̀hún yẹn, èmi àti ọ̀gá mi ni. Ó máa ń wò wọ́n bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyàwó mi, Bọ́lánlé, rí tó fi kọ́kọ́ lọ sílùú òyìnbó. Èmi tẹ̀ lé e lọ. Mo rò pé níbikíbi tí ènìyàn bá wà, wọ́n á kọ́lé, wọn ò sì lè kọ́lé kí wọ́n má wá bíríkìlà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n lè kọ́lé nínú ilé.

Mo pe Bàámi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi mi àkọ́kọ́, mo sì ṣàlàyé fún un.

"Wọ́n ń kọ́ ulé nínú ulé?" ló bi mí. Ulé ni àwa ará Èkìtì ń pe ilé, Bàámi kì í sì í yí ohùn rẹ̀ padà nítorí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Òjò ò lè dé ọ̀dọ̀ wa."

"Wọ́n á wá ṣe é báwo?"

"Wọ́n á gé e sí apá-apá, wọ́n á gbé e sórí ọkọ̀ àjàgbé lọ sí ìlú tó ń lọ. Àwọn kan á ti ṣe ìpìlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ agbẹ́rù tí wọ́n ń pè ní kíréènì á gbé e, á gbé e ka ìpìlẹ̀ náà. Tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ilé."

Nínú fóònù, mo ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá níwájú ilé wa.

"Tó bá wá ya ńkọ́?" ló wí. "Èmi, bí ulé tí mo kọ́ bá ya, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n á wá kàn. Wọ́n á bá mi níbẹ̀ tí mo ń jẹ iyán. Tiyín yìí, ta ni wọ́n á bi?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ọmọ mi, fura," ló wí. Ó gbàdúrà fún mi, ó sì pa fóònù.

Ibi tí wọ́n fi mí sí nílé iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ògiri dé. Igi pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ṣe ògiri tiwọn. Wọ́n á kàn án bíi férémù, wọ́n á ki òwú sáàárín rẹ̀ nítorí òtútù, wọ́n á wá fi bọ́ọ̀dù funfun bò ó lójú. Ní etí rẹ̀, níbi tí apá ilé kan ti máa fara kan ìkejì, wọ́n ní láti tẹ òwú mìíràn mọ́ ojú àlàfo náà, òwú líle kan tí wọ́n fi òkúta ṣe, tí iná kì í jó. Bí iná bá ṣẹ́ yọ ní yàrá ẹnì kan, òwú yìí ni kò ní jẹ́ kó gba inú ògiri yọ́ lọ bá ẹni tó ń sùn lókè. Èmi ni mò ń tẹ òwú náà mọ́ ọn, èmi náà ni mò ń kan bọ́ọ̀dù lé e. Tí mo bá ti kàn án tán, kò tún sí ojú tó máa rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi ìka gbá ògiri náà tí ẹnikẹ́ni ò bá wò mí. Ó máa ń dún bí àpótí. Mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé, ṣé inú eléyìí ni wọ́n máa bímọ sí?

Ọkùnrin kan ń fi fèrèsé sí ilé nítòsí mi. Kẹ́n ni orúkọ rẹ̀. Ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, irun rẹ̀ ti funfun tán, ṣùgbọ́n Kẹ́n lásán ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò sí bàbá, kò sí bọ̀ọ̀dá. Èdè wọn kò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, inú ọkàn mi ni mo ti máa ń fi í kún un. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti tẹ òwú mọ́ etí ògiri tán, tí mo fẹ́ kan bọ́ọ̀dù, Kẹ́n á fi fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀, á yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré kan lápò, á wá tanná sínú ògiri mi. Kò ní kí mi. Á wò ó láti òkè dé ilẹ̀, á tẹ òwú náà níhìn-ín, á tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, á padà lọ.

Ọjọ́ kan mo bi í, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá?"

"Kò sí," ló wí, ó sì ń tanná lọ.

Tó bá di àkókò tíì, mo máa ń rí i tó dúró ti ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹrésà. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tí mo bá wo ọ̀dọ̀ wọn, Tẹrésà á wò mí. Èwo ló tún kù tí ènìyàn máa rò?

Mo sọ fún Bọ́lánlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó ń bọ́ bàtà.

"Ṣé àwọn yòókù náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí?" ló bi mí.

"Mi ò tíì rí i."

"Ṣé o ti wò?"

Mo ní mo máa wò. Mo sì ṣọ́ ọ lóòótọ́. Kì í yẹ iṣẹ́ òyìnbó tó wà lápá ọ̀tún mi wò, kì í yẹ ti ará Póláǹdì tó ń ṣe ilẹ̀kùn wò. Ògiri tèmi nìkan ni. Ìgbà tí mo rí ìyẹn, ọkàn mi kú sí ọkùnrin náà. Mi ò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá wá tanná, màá kúrò níbẹ̀, màá lọ dúró lọ́hùn-ún, màá ká apá mọ́ àyà títí á fi parí ìṣọ́ olè rẹ̀.

Ilé tí àwa fúnra wa ń gbé, ilé àyágbé ni, ó lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ní Sátidé kan, Bọ́lánlé rí iṣu gidi rà. Obìnrin ará Ìjerò kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yá wa ní odó kékeré tó gbé wá láti ilé. Ẹ mọ bí iyán ṣe rí sí ọmọ Èkìtì. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo gbé odó sáàárín kíṣìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Orin ti ń wá sí mi lẹ́nu. Kí n tó gún un délẹ̀, a gbọ́ gbà! gbà! gbà! lára ògiri. Aládùúgbò wa ló ń gbá a. Mo dúró pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Bọ́lánlé wò mí, èmi náà wò ó. A fi ṣíbí ro ìyókù nínú ìkòkò, a sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú kókó nínú rẹ̀. Ìlú tí ògiri wọn ò lè gba iyán gígún! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọ odó náà tán, àárò ilé ń sọ mí débi tí mo fi wọ balùwẹ̀ lọ jókòó.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nìyí. Ní Àrámọ̀kọ, ilé tí mo bá kọ́ ló ń sọ fún ìlú pé mo wà níbẹ̀. Níbí, mò ń kọ́lé ránṣẹ́ sí ìlú tí mi ò dé rí, fún ẹni tí kò ní mọ̀ mí láéláé. Nígbà mìíràn, nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń wo àwọn ilé tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, màá máa bi ara mi bóyá èmi ni mo kan ògiri ọ̀kan nínú wọn pa. Wọ́n jọra wọn. Kò sí èyí tí mo lè fi ọwọ́ hàn pé tèmi ni.

Ìgbà yẹn ni Bàámi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè mọ́ ọn. Ìyá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ fẹ̀yìn tì, ó padà wálé láti wá kọ́ ilé tí ó máa gbé ní ọ̀nà Ìjerò. Ìyá Ọ̀gá ni gbogbo ìlú ń pè é. Bàámi ló gbé iṣẹ́ náà fún. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀, ìyá yìí á ti gbé àga rẹ̀ dé kí bíríkìlà tó dé, á jókòó sábẹ́ igi kòkó kan báyìí, agboòrùn lórí, omi nínú ike lẹ́sẹ̀.

"Ó ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ olè!" Bàámi ń pariwo lórí fóònù. "Á fi ọwọ́ bu yanrìn, á fi ra àtẹ́lẹwọ́. Á gbé búlọ́ọ̀kù, á fi èékánná họ ọ́. Lánàá ó ní kí n tún okùn tí mo fi ń tọ́ ògiri ta. Èmi! Èmi tí mo kọ́ ulé bàbá ẹ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàámi, èmi náà ní tèmi níbí. Ọkùnrin kan ń tanná sí ìdí iṣẹ́ mi lójoojúmọ́."

"Òyìnbó?"

"Òyìnbó ni."

"Tìẹ tún burú," ló wí. "Tèmi kì í kúkú tanná."

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń rí nìyẹn. Tí mo bá pè é, á ro ẹjọ́ Ìyá Ọ̀gá, èmi á ro ẹjọ́ Kẹ́n. Mo rò pé oṣù wọ̀nyẹn ni èmi àti bàbá mi sún mọ́ ara wa jù lọ láyé.

Ó wá di ọjọ́ kan nígbà òtútù. Òwú òkúta tán nílé iṣẹ́, ọkọ̀ tó ń gbé òmíràn bọ̀ kò sì dé. Ilé kan wà níwájú mi tó gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ti sọ fún àwọn onílé, kíréènì ti ń dúró níbi tó ń lọ. Tẹrésà ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti òwúrọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wá bá mi, ó ń rìn kíákíá.

"Kàn án pa," ló wí. "Wọ́n á fi òwú sí i níbi tó ń lọ."

"Ta ni 'wọ́n'?"

"Àwọn tó wà níbẹ̀."

"Tí mo bá ti kàn án pa, ibo ni wọ́n á gbà fi sí i?"

"Wọ́n á wá ọ̀nà. Jọ̀ọ́, mi ò ní àkókò. Kàn án pa." Fóònù rẹ̀ tún dún, ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ.

Mo gbé bọ́ọ̀dù. Mo gbé e dé ojú ibi tí ó ń lọ, mo mú irinṣẹ́ dání. Mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe ìwà rere ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ìfura ni. Ó sọ sí mi lọ́kàn pé àfàìmọ̀ kí àwọn èèyàn wọ̀nyí má ti dẹ pàkúté sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá kàn án pa tán báyìí, Kẹ́n á dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, á ní kí wọ́n tú u, wọ́n á bá a lófìfo, wọ́n á wá ní, "Ẹ ò rí i? A ti ń sọ ọ́." Ta ló máa gbà pé Tẹrésà ló rán mi? Mo gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e sílẹ̀ tán ni mo tó wá wo àlàfo dúdú yẹn dáadáa, tó gba ìsàlẹ̀ lọ sókè tààrà bí ihò èéfín, mo sì ronú kan ẹni tó máa sùn lókè.

Bí mo ṣe rò ó, Kẹ́n dé. Ó tanná sínú rẹ̀.

"Òwú dà?"

"Ó tán. Wọ́n ní kí n kàn án pa bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

"Mi ò tíì kàn án."

Ó wò mí. Ó ṣe díẹ̀ kó tó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó wá fa bọ́kẹ́ẹ̀tì kan mọ́ra, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé e sáàárín férémù, ó jókòó lé e, ó fi ẹ̀yìn ti ibi tó yẹ kí òwú wà. Arúgbó náà jókòó sínú ògiri.

"Ó di kí wọ́n kan èmi náà mọ́ ọn," ló wí.

Ilé náà kò lè rìn. Bí kò ṣe lè rìn, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, èyí tó tẹ̀ lé e dúró. Ariwo ẹ̀rọ ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ilé iṣẹ́ fi dákẹ́. Àwọn ènìyàn ń yọjú. Tẹrésà sáré dé.

"Kẹ́n, dìde."

"Tí òwú bá dé."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ kan ti apá kejì. Ìyẹn ti ní òwú tiẹ̀."

Mo ronú kan owó ilé tí à ń gbé, mo ronú kan bí Bọ́lánlé ṣe máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Mo ní, "Èmi náà á dúró de òwú, mà."

Ọ̀gá àgbà sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè. Wọ́n sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ilé náà kò jáde ní ọjọ́ kejì. Òwú dé, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, Kẹ́n tanná sí i, mo kàn án pa. Kò sẹ́ni tó kí wa. Wọn ò lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n mú mi kúrò nídìí ògiri, wọ́n gbé mi sí gbangba ìta níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá wé ilé kí òjò má bà á jẹ́ lórí ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Òtútù yẹn, ó ń wọ egungun.

Níbẹ̀ ni Kẹ́n ti gbé tíì wá bá mi. Ó gbé kọ́ọ̀bù kan lé mi lọ́wọ́, ó dúró tì mí. Mo ní kí n kúkú bi í.

"Kẹ́n, ṣé torí pé dúdú ni mí lẹ ṣe ń ṣọ́ mi?"

Kò yára dáhùn. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

"Ìdí ògiri yẹn ni mò ń ṣọ́," ló wí níkẹyìn. "Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pa nǹkan dé. Ti àwọn yòókù, ojú ń rí i. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ, mo máa ń yẹ tiẹ̀ náà wò." Ó mu tíì díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́ rí. Ibi tí o ti wá, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè sọ pé ìyẹn ò sí lára ìdí rẹ̀."

Ó wá sọ ti ìyá rẹ̀ fún mi. Ìyá náà ra ilé tuntun lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Kì í ṣe ilé orí irin o. Bíríkì ni, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, bíríkìlà ló tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bí èmi àti bàbá mi ṣe ń ṣe. Ìyá ń sọ pé òtútù ń ti ara ògiri bọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, Kẹ́n fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ra súwẹ́tà fún un. Lẹ́yìn tó kú, páìpù kan bẹ́, wọ́n tú ògiri. Kò sí òwú kankan níbẹ̀. Páálí oúnjẹ àti ike omi tí àwọn òṣìṣẹ́ mu kù ni wọ́n kì sínú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ bíríkì dáadáa lé e lójú.

"Ó ń sọ òótọ́ fún wa," Kẹ́n wí. "A ò gbà á gbọ́."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ náà kò tó. Mo gba ohun tó sọ gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà á tán. Títí di òní, tí mo bá rántí bó ṣe máa ń tanná láìkí mi, nǹkan kan ṣì máa ń gún mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn a jọ ń mu tíì.

Ohun tó dà mí láàmú jù ni bíríkì. Gbogbo bí mo ṣe ń fura sí ilé inú ilé, mo ti gbà lọ́kàn mi pé ilé orí ilẹ̀ kì í purọ́. Mo sọ ọ́ fún Bàámi, mo rò pé á bá mi jiyàn. Ó kẹ́dùn.

"Ìyá Ọ̀gá mú nǹkan," ló wí.

Ó ní àwọn ti to ògiri dé ojú fèrèsé nígbà tí ìyá náà dìde lórí àga rẹ̀, ó mú búlọ́ọ̀kù kan nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, ó gbé e sókè dé àyà, ó sì fi í sílẹ̀. Ó fọ́ túútúú bí ẹ̀bà àná. Ọkùnrin tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù fún Bàámi, tí Bàámi ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, ni kò fi sìmẹ́ǹtì sí i tó. Bàámi ò mọ̀. Ó ti fọkàn tán an débi tí kì í wò ó mọ́.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo wó o. Mo wó ibi tó dé fèrèsé yẹn lójú gbogbo ènìyàn, mo sì tún un kọ́."

"Inú bí yín?"

"Inú bí mi. Ó dùn mí wọ egungun." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nísinsìnyí, èmi gan-an ni mò ń gbé àga fún un."

Mo ronú sí i fún ìgbà pípẹ́. Tiwa sàn ní ọ̀nà kan: Ìyá Ọ̀gá lè gbé àga lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé rẹ̀, kó wo olúkúlùkù búlọ́ọ̀kù kí ó tó wọ ògiri. Tiwọn náà sàn: iṣẹ́ wọn yá, òjò ò ba nǹkan jẹ́, igi wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti gbé àga wá. Àfi kí ẹlòmíràn bá a ṣọ́ ọ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ilé iṣẹ́ ńlá yẹn, arúgbó kan ló ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó rán an.

Nígbà tí òtútù rọlẹ̀, Kẹ́n sọ ìlú tí wọ́n gbé ilé tó dúró yẹn lọ fún mi. Kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo ní kí Bọ́lánlé jẹ́ ká lọ.

"Ká lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Ká lọ wò ó."

"O ṣáà ti rí i."

"Mi ò tíì rí i lórí ilẹ̀."

A wọ bọ́ọ̀sì lọ. A rìn díẹ̀, a sì rí i láàárín àwọn yòókù. Wọ́n ti fi bíríkì tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀ níta, tó fi dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹnì kan gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ọmọdé kan wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti dojú dé. Ọkàn mi kún. Bọ́lánlé dúró ní títì, ó ní òun ò bá mi lọ kan ilẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni. Mo dá lọ.

Obìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn. Kò yọ ṣéènì rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni mo rí.

"Kí lo fẹ́?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo wà lára àwọn tó kọ́ ilé yìí."

"Kí ló bà jẹ́?"

"Kò sí ohun tó bà jẹ́. Mo kàn ní kí n wá wò ó ni."

Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó na ọrùn wo Bọ́lánlé ní títì. "Apá ibo lo kọ́?"

Mo nawọ́ sí ibi tí apá ilé méjèèjì ti pàdé. "Inú ògiri yẹn, mà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Èmi ni mo fi í sí i. Ẹ ò lè rí i."

Ó yíjú wo ògiri náà, ó tún wò mí.

"Tí mi ò bá lè rí i," ló wí, "báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Mi ò lè sọ ti Kẹ́n àti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè pe ọlọ́pàá.

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, mà," ni mo wí.

Ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i láti inú.

Bọ́lánlé di apá mi mú bí a ṣe ń padà lọ síbi bọ́ọ̀sì. "Kí ló sọ fún ẹ?"

"Kò gbà mí gbọ́."

"Kò bí ẹ nínú?"

"Rárá," ni mo wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń sùn síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, èmi náà ò ní gbà mí gbọ́."